Kí Ló Há? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Orúkọ Ahọ́n àti Ọ̀fun Lẹ́nu Oníṣègùn

Ẹ̀yin ògbufọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó wà níkàlẹ̀, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn orúkọ tí oníṣègùn ń pe ahọ́n, ọ̀fun àti ohun tó yí wọn ká. Mo ti kọ ìwé kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó kún fún orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo kà á lálẹ́ àná, oorun kùn mí, mo sì jù ú síbì kan. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ pè mí pé kí n wá gbufọ̀ fún bàbá àgbà kan. Bàbá ò gbọ́ èdè dókítà, dókítà ò gbọ́ Yorùbá. Bàbá fi ìka méjì di ọ̀fun mú, ó sì sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó ti há, ọmọ mi. Ó tó oṣù méjì báyìí tó ti há." Mo yíjú sí dókítà, mo ní nǹkan kan há bàbá lọ́fun láti oṣù méjì. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n bi bàbá pé kí ló ń jẹ lọ́wọ́ tó fi há. Mo bi í. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Ṣé oúnjẹ náà máa ń fà á ni?" Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn ta mí jí. Kò ta mí jí. Mo sọ fún dókítà pé bàbá ò rántí ohun tó jẹ.

Wọ́n ya àwòrán ọrùn bàbá, wọn ò rí egungun kankan. Wọ́n ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí bọ ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ mọ́ féfé. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá padà wá, ọmọbìnrin rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kí n tó la ẹnu ni ọmọ yìí ti sọ ọ́: "Ohùn bàbá mi ló há! Wọ́n máa ń pè wá láti ìta, a ó sì gbọ́ wọn nínú ilé. Ní báyìí, wọn ò lè pe èèyàn láti yàrá kejì." Òógùn bò mí níbi tí mo jókòó sí.

Ẹ rí i, egungun ẹja a máa há. Ohùn náà a máa há. Ohùn tó há kì í ṣe ohùn tí nǹkan dí lọ́nà, ohùn tó kẹ̀ ni, tó ń họ, tí kò dún gaara mọ́. Èmi tí mo fi èdè yìí sùn tí mo fi jí ni mo gbé ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì, tí mo mú èyí tó sún mọ́ mi jù. Dókítà ò jẹ̀bi. Ibi tí mo darí rẹ̀ sí ló lọ. N óò padà sọ́dọ̀ bàbá yìí kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀fun fúnra rẹ̀. Bí aláìsàn bá ní "ọ̀fun ń dùn mí", ó kéré tán, ibi mẹ́ta ló lè máa wí. Àkọ́kọ́ ni gbàgede tó wà lẹ́yìn imú àti ẹnu, níbi tí afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ jọ ń gbà kọjá. Pharynx ni oníṣègùn ń pè é. Àwọn onímọ̀ èdè wa tó ń ṣàlàyé bí ìró ṣe ń jáde lẹ́nu pè é ní káà ọ̀fun, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an nítorí pé káà ni lóòótọ́. Ilẹ̀kùn imú ṣí sí i lókè, ti ẹnu ṣí sí i níwájú, ti gògóńgò àti ti ọ̀nà oúnjẹ ṣí sí i nísàlẹ̀, ihò tóóró méjì sì tún wá láti inú etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Orúkọ Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì ní ọ̀rúndún 16, ni wọ́n fi ń pe ihò etí yìí. Ọ̀nà yẹn ni àrùn ọ̀fun máa ń bá dé etí ọmọdé.

Ibi kejì ni gògóńgò, tí wọ́n ń pè ní larynx. Ibẹ̀ ni ohùn ń gbé. Nínú rẹ̀ ni tán-án-ná wà, awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń pàdé, tó ń gbọ̀n, tó sì ń yà kúrò lára ara wọn. Kòmóòkun, ọ̀pá èémí, ló tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi kẹta ni ọ̀nà oúnjẹ, èyí tó gba ẹ̀yìn kòmóòkun lọ sí ikùn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi aláìsàn léèrè kí n tó la ẹnu mi bá dókítà: nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé nǹkan mì ló ń dùn yín ni, àbí nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, àbí nígbà tẹ́ ẹ bá ń mí? Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti ya ọ̀nà mẹ́ta sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka méjì mú gògóńgò yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wá gbé itọ́ mì.

(Gbogbo gbọ̀ngàn gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀kan náà. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí.)

Ṣé ẹ rí i pé ó fò sókè, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀? Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ó ń sá lọ fara pamọ́ sábẹ́ ìdí ahọ́n ni. Bó ṣe ń gòkè, ìdérí kékeré kan tẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, tán-án-ná pa dé, èémí sì dúró. Oúnjẹ wá gba orí rẹ̀ kọjá bọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀. Ìdérí yẹn ni epiglottis. Kò sí àgbàlagbà kan nínú yàrá yìí tó lè mí kó sì gbé nǹkan mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí èèyàn bá ń jẹun tó tún ń rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn á ṣí nígbà tó yẹ kó tì, àwa á sì sọ pé omi tàbí oúnjẹ pá a lórí. Orí kọ́ ló kàn o, gògóńgò ni. Ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà pé nǹkan bá orí aláìsàn, mo ti gbọ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fífò tí gògóńgò ń fò yìí tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Bí ẹnì kan bá ní wíwú lọ́rùn, dókítà á ní kó mu omi díẹ̀, á sì máa wò ó. Bí wíwú náà bá bá gògóńgò gòkè tó sì bá a sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gẹ̀gẹ̀, nítorí pé ẹran ara tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wú lẹ̀ mọ́ gògóńgò àti kòmóòkun. Bí kò bá lọ síbì kankan, á wá a gba ibòmíràn. Ife omi kan ni o, kò tíì kan ẹ̀rọ kankan.

Orúkọ ló kù. Ohun tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ ògbufọ̀ ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí dà bí ọfọ̀. Ọfọ̀ kọ́ rárá. Àwọn ará Gíríìsì àti àwọn tó ń sọ Látìnì la ẹnu òkú, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó wà nínú ilé wọn pe ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n rí á lè sọ ọ́ ní Yorùbá láì há.

Ẹ wo uvula, ẹran kékeré tó ń fì ní ẹ̀yìn àjà ẹnu bí ẹ bá la ẹnu níwájú dígí. Èso àjàrà kékeré ni uvula túmọ̀ sí ní Látìnì. Àwọn ará Gíríìsì náà rí èso àjàrà níbẹ̀, staphylē ni wọ́n ń pè é. Oníṣẹ́ abẹ ará Scotland kan, Alexander Ogston, rí àwọn kòkòrò àrùn roboto tó ṣù jọ bí òṣùṣù àjàrà nínú ọyún, ní 1882 ló mú ọ̀rọ̀ kan náà, ó pè wọ́n ní Staphylococcus. Bí ẹran tó ń fì lọ́fun yín àti kòkòrò tó ń fa eéwo ṣe di ajórúkọ nìyẹn, láìjẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn rí. Àwa náà ní orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè é, bélúbèlú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn kan ń fi pe ẹran tó ń fì yìí, àwọn mìíràn ń fi pe wíwú tonsil, ìyẹn ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun lọ́tùn-ún àti lósì. Bí aláìsàn bá pè é, ẹ ní kó la ẹnu kó fi hàn yín.

Thyroid, asà ni, irú èyí tí ọmọ ogun fi ń dáàbò bo àyà. Òun ni eegun rírọ̀ tó yọ jáde lọ́rùn ọkùnrin. Cricoid tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òrùka ni, irú òrùka tó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú tó sì fẹ̀ lẹ́yìn. Hyoid, egungun tó tẹ̀ bíi bàtà ẹṣin lókè gògóńgò, lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ni wọ́n fi pè é. Egungun yẹn ò kan egungun kankan nínú gbogbo ara. Iṣan ló so ó rọ̀ bí fìtílà.

Ti kòmóòkun ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́ kan gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú àwọn iṣan tó ti ọkàn wá, torí pé bí wọ́n bá la òkú, wọ́n máa ń bá wọn lófìfo. Kòmóòkun náà ń gbé afẹ́fẹ́, wọ́n wá kà á mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó rí gbágungbàgun nítorí àwọn òrùka eegun rírọ̀ tó wà lára rẹ̀, ni wọ́n bá pè é ní iṣan gbágungbàgun. Nígbà tó yá, ayé mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú iṣan ọkàn, wọ́n yọ "iṣan" kúrò, "gbágungbàgun" nìkan ló ṣẹ́kù. Òun ni trachea. Nígbàkígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn bá pe ọ̀rọ̀ yẹn tìyìtẹ̀yẹ, "ohun tó rí gbágungbàgun" ló ń wí.

Orúkọ mìíràn ti kúrò nílé. Angina, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó jẹ mọ́ fífúnni lọ́rùn, àrùn ọ̀fun ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1768, William Heberden ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàpèjúwe ìrora àyà kan tó máa ń fún èèyàn pinpin bó bá ń rìn, tó sì máa ń lọ bó bá dúró. Ó pè é ní fífún àyà. Ọ̀rọ̀ náà ṣí lọ sí àyà, kò sì padà wálé mọ́ àyàfi nínú orúkọ àrùn bíi mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Ludwig's angina, wíwú abẹ́ ahọ́n àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí Wilhelm Friedrich von Ludwig, ará Jámánì, ṣàpèjúwe ní 1836. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé, kò kan ọkàn rárá, ọ̀fun ló ń dí, kíá sì ni aláìsàn gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Quinsy náà wà, ọyún tó ṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tonsil. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí fífún ajá lọ́rùn ló ti wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ohùn aláìsàn quinsy ṣe máa ń rí, bí ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, kò ní jiyàn.

Diphtheria ńkọ́? Awọ ni, awọ ẹran. Ní 1826, Pierre Bretonneau ní ilẹ̀ Faransé fún àrùn náà lórúkọ nítorí ohun tó rí lọ́fun àwọn ọmọdé: ìbora eérú kan tó le, tó lẹ̀ mọ́ ẹran, tó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá gbìyànjú láti bó o. Ìbora yìí ló ń dí ọ̀nà èémí. Oògùn tó gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ àrùn yìí ló jẹ́ kí Emil von Behring gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní 1901. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti lé àrùn náà jìnnà débi pé ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò fojú rí i rí.

Títí di nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó tíì rí tán-án-ná ẹni tó wà láàyè dáadáa nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Òkú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó wá rí i kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ orin ni, Manuel Garcia, wọ́n bí i ní 1805. Ó ti ń ronú tipẹ́ pé ibo gan-an ni ohùn tí òun ń kọ́ àwọn èèyàn yìí ti ń jáde. Ní 1854, ó mú dígí kékeré ọlọ́wọ́ gígùn tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, ó kì í bọ omi gbígbóná kí èémí má bàa kùn ún, ó nù ún gbẹ, ó sì tì í bọ ẹ̀yìn ọ̀fun ara rẹ̀. Ó fi dígí mìíràn lọ́wọ́ kejì gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó darí rẹ̀ sí ti ẹnu. Ó rí gògóńgò tirẹ̀ tó là gbayawu. Ó mí, ó rí wọn tí wọ́n ya. Ó kọrin, ó rí wọn tí wọ́n pàdé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé e síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá yìí lo 101 ọdún láyé. Dígí yẹn ni baba ńlá rọ́bà oníkámẹ́rà tí wọ́n tì bọ imú àwọn aláìsàn wa lónìí. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé olórin ló ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ó yá, ahọ́n. Orúkọ méjì ni ahọ́n ní lọ́dọ̀ oníṣègùn, ìdí sì nìyẹn tó fi ń da orí rú. Glossa láti Gíríìkì, lingua láti Látìnì. Hypoglossal, abẹ́ ahọ́n. Sublingual náà, abẹ́ ahọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, èdè ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi èkíní pe iṣan tó ń darí ahọ́n, wọ́n sì fi èkejì pe ibi tí itọ́ ti ń sun àti oògùn tí a kì í gbé mì. Ẹ jọ̀ọ́, bí dókítà bá kọ oògùn sublingual, ẹ má kàn sọ pé "ẹ fi sẹ́nu". Ẹ ní: ẹ fi sábẹ́ ahọ́n, ẹ jẹ́ kó yọ́ níbẹ̀, ẹ má gbé e mì. Awọ abẹ́ ahọ́n fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nítòsí, kíá ni oògùn máa wọnú ara. Bí wọ́n bá gbé e mì, á kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì ti ba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá délé, ẹ gbé ahọ́n sókè níwájú dígí. Ẹ máa rí iṣan aláwọ̀ aró méjì tó nà lọ, ẹ máa rí orí kékeré méjì tí itọ́ ń gbà sun, ẹ máa sì rí okùn ẹran kan láàárín tó so ahọ́n mọ́ ilẹ̀ ẹnu. Okùn yẹn ni frenulum. Ẹ fojú inú wo ohun tó túmọ̀ sí ní Látìnì: ìjánu kékeré! Àwa tí a máa ń sọ fún èèyàn pé kó kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu, a ò mọ̀ pé ìjánu gidi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí ìjánu yìí kúrú jù. Ankyloglossia ni. Ahọ́n wọn kì í lè gòkè dáadáa, orí rẹ̀ á pín díẹ̀ bí ọmọ náà bá fẹ́ yọ ọ́, ọmú sì lè ṣòro fún un láti mú. Gígé kékeré lè yanjú rẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó pẹ́ sọ̀rọ̀ ni ahọ́n rẹ̀ dè o. Òbí ẹ̀ míì á ti pinnu kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo ní iṣan tó ń darí ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀dùn ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. "Iṣan" ni à ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, "iṣan" ni à ń pe ẹran tó ń súnkì, "iṣan" ni à ń pe okùn tó so ẹran mọ́ egungun, "iṣan" náà ni à ń pe okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ara. Ohun mẹ́rin, orúkọ kan. Bí mo bá ń gbufọ̀, mi ò kì í dá iṣan sọ. Mo máa ń ní iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń gbé ara, iṣan ìmọ̀lára. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kó mi sí wàhálà.

Iṣan ọpọlọ tó ń bá ahọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìkejìlá nínú àwọn iṣan tó ti orí wá ló ń sọ fún un pé kó rìn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ahọ́n níwájú, iṣan keje ló ń gbé adùn rẹ̀ lọ sọ́pọlọ, ìkarùn-ún ló sì ń gbé ìrora rẹ̀. Ìdá kan tó kù lẹ́yìn wà lọ́wọ́ ìkẹsàn-án. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí aláìsàn yọ ahọ́n síta. Kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló ń wò. Bí iṣan kejìlá ti apá ọ̀tún bá ti kú, ahọ́n á yà sí ọ̀tún. Ó lè dà bí òdì, àmọ́ ẹ rò ó bí ẹni méjì tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí ẹni ọ̀tún bá dáwọ́ dúró tí ẹni òsì ṣì ń tì, ọ̀tún ni kẹ̀kẹ́ á yà sí. Ahọ́n máa ń nàka sí ibi tí àárẹ̀ wà.

Ti àwòrán ahọ́n tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, pé dídùn wà lórí ṣóńṣó, iyọ̀ àti kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kíkorò lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ìwádìí ará Jámánì kan, David Hänig, ní 1901, ni wọ́n ṣì lóye nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, Edwin Boring, tún un yà nínú ìwé rẹ̀ ní 1942. Ìyàtọ̀ tí Hänig rí láàárín ibì kan àti èkejì kéré gan-an. Ẹ fi iyọ̀ kan ṣóńṣó ahọ́n yín wò, ẹ máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n: dysphagia àti dysphasia. Èyí tó ní g, ìṣòro gbígbé nǹkan mì ni. Èyí tó ní s, ìṣòro èdè ni, pé ọpọlọ ò rí ọ̀rọ̀ mú tàbí kò lóye rẹ̀. Bí wọ́n bá ka èkíní sí èkejì, wọ́n lè gbé abọ́ oúnjẹ síwájú ẹni tí kò lè gbé e mì, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ti ń sọ aphasia dípò èkejì kí àṣìṣe má bàa wọlé. Kí a má sì fi dysarthria kún un, níbi tí èdè ṣì pé lọ́pọlọ ṣùgbọ́n tí ahọ́n àti ètè ti wúwo. Bí ẹbí bá ní "kò lè sọ̀rọ̀ mọ́" lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ bi wọ́n: ṣé kò rí ọ̀rọ̀ sọ ni, àbí ó rí i ṣùgbọ́n kò jáde já gaara, àbí ohùn ni kò sí? Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ibi mẹ́ta ni dókítà á sì wò.

Mo ti ṣèlérí bàbá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti kámẹ́rà gba imú rẹ̀ dé orí gògóńgò, wọ́n ní kó sọ "iiii". Tán-án-ná ọ̀tún gbéra wá sí àárín. Ti òsì ò mira. Èmi náà rí i lójú ẹ̀rọ, bí ìyẹ́ ẹyẹ kan tó ṣẹ́.

Dókítà ò sì dúró sí ọ̀fun. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán àyà. Mo rò pé ó ṣì mí gbọ́, àmọ́ èmi ni mi ò mọ ọ̀nà. Iṣan tó ń darí tán-án-ná òsì kì í gba ọrùn lọ tààrà. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà, á fi ara kọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde, á wá padà gòkè wá sí gògóńgò. Galen, oníṣègùn Gíríìkì ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, ti mọ iṣan yìí. Ó máa ń gé e lára ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ké tòò níwájú àwọn èèyàn, ẹlẹ́dẹ̀ á ṣì máa jà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á ti pa. Nítorí ìrìn àjò iṣan yìí, ohun tó wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ohùn èèyàn láìjẹ́ pé ọ̀fun ń dùn ún rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún bàbá: wọ́n bá kókó kan lápá òsì àyà rẹ̀.

Ìdí tí oníṣègùn fi ń sọ pé ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ rí àyẹ̀wò nìyí, pàápàá fún ẹni tó ń mu sìgá. Ti Olú Ọba Jámánì, Frederick Kẹta, ló tún ń wá sí mi lọ́kàn. Ní 1887, ohùn rẹ̀ há. Àwọn dókítà rẹ̀ ń jiyàn, wọ́n gé ẹran díẹ̀ fún Rudolf Virchow, ọ̀gá àwọn tó ń wo ẹran ara lábẹ́ ẹ̀rọ, kò rí jẹjẹrẹ nínú ohun tí wọ́n gbé fún un. Ó gorí ìtẹ́ ní 1888 láìlè sọ̀rọ̀ mọ́, ó fi ìwé kọ ohun tó bá fẹ́ sọ, ó sì lo ọjọ́ 99 péré kí jẹjẹrẹ ọ̀fun tó pa á. Ọba náà ní dókítà tó gbọ́ èdè rẹ̀ o. Bàbá tèmi ní èmi.

Àádọ́ta ọjọ́ ó dín díẹ̀ ló wà láàárín ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó ti há àti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Mo lọ kí i nígbà tí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó fi ọwọ́ fà mí dìde, ó sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí mo bi ẹ́ pé ṣé oúnjẹ máa ń fà á."

Láti ọjọ́ náà, bí aláìsàn bá ní "ó há" níwájú mi, mi ò tíì ní yíjú sí dókítà. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: "Kí ló há, ẹ jọ̀ọ́? Ṣé ohùn ni, àbí nǹkan?"